Orí Tí Kò Gbàwé

Gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu òbí àti olùkọ́ nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde: "Orí ọmọ yìí kò gbàwé." Wọ́n a máa fi ìbànújẹ́ sọ ọ́ nígbà mìíràn, wọ́n a sì máa fi ìbínú sọ ọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí ẹni tí yóò tún wádìí ohun tí ọmọ náà ń ṣe láti ìdánwò kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò wádìí ohun tí àwọn àgbà ṣe fún un. Ìdájọ́ ni gbólóhùn náà, kì í ṣe àlàyé. Nígbà tí ó sì jẹ́ ìdájọ́, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ohun tí wọ́n ń bi ìdájọ́ gbogbo léèrè: ẹ̀rí wo ni wọ́n gbé e lé? Ta ni ó dá lẹ́bi, ta ni ó sì dá sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán ní Mowé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí pátákó ilé-ìwé aládàáni ti pọ̀ lójú pópó, tí òbí púpọ̀ sì ń fi ìnira ńlá san owó ẹ̀kọ́ ọmọ. Nígbà tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá rí F9 nínú ìwé èsì, dandan ni kí ó wá ẹni tí ẹ̀bi yóò já lé lórí. Orí kì í fọhùn, kì í sì í pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nítorí náà, òun ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi.

Àwọn Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ orí rí. Nínú èrò wọn, orí tí ó wà lọ́rùn yìí, tí ojú ń rí, àmì orí inú ni. Orí inú sì ni ohun tí ènìyàn yàn kí ó tó wọ ilé ayé. Ìtàn Afùwàpẹ́ inú ẹsẹ Ifá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù lọ lórí èyí. Orísẹẹ́kú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n jọ ń bọ̀ wá sílé ayé, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú mú èyí tí ó wù wọ́n. Òjò pa orí wọn lọ́nà, orí náà sì fọ́ dànù. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó gba ìmọ̀ràn, wọ́n rúbọ, ó sì bá Àjàlá yanjú ọ̀ràn gbèsè tí ó ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àjàlá ni ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a yan èyí tí ó dára.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí ní ààbọ̀ lè rò pé ó ti ẹ̀yìn fún àwọn tí ń sọ pé orí kan kò gbàwé. Wọ́n lè wí pé: ẹni tí ó ti ilé Àjàlá gbé orí òfìfo bọ̀, kí ni olùkọ́ lè ṣe sí i? Ṣùgbọ́n kí ni ó ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe ojú ni ó fi dá orí rere mọ̀, nítorí ojú tirẹ̀ kò mú ju tiwọn lọ. Yíyà ni ó yà, bíbéèrè ni ó béèrè, dídúró ni ó dúró. Nínú ìtàn tí wọ́n gbà pé ó fi agbára orí hàn jù lọ, ẹsẹ̀ ni ó gbé ẹni tí ó yan orí rere débẹ̀.

Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé tí ó kọ lórí Ifá tí ó jáde ní 1976, tẹnu mọ́ ọn pé Ifá kò fi orí nìkan sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣeyọrí: Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó sì ní ipò tirẹ̀. Ẹsẹ Ifá kan sọ bí gbogbo orí ṣe pé jọ láti gbìmọ̀, tí wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìmọ̀ náà kò gún. Ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó lójú. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: orí lè gba ohun rere, ṣùgbọ́n kò lè rìn dé ibi tí ohun rere náà wà. Ìgbìyànjú, ìforítì àti ìṣe ojoojúmọ́ ni Ẹsẹ̀.

Ohun kan sì tún wà tí àwọn àgbà sọ tí àwọn tí ń dá orí ọmọ lẹ́bi kì í rántí. Wọ́n ní orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè fi ojú wo orí burúkú kí ó dá a mọ̀, báwo ni olùkọ́ ṣe dá a mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà, láti inú ìdánwò kékeré kan? Ohun tí ìdánwò náà fi hàn kò ju pé ọmọ náà kò mọ ohun kan ní ọjọ́ kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá orí lẹ́bi ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n ti pe Ẹsẹ̀ sí ìmọ̀ náà. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ibùgbé ọmọ, àkókò rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó ń gbà kàwé jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà àti ẹ̀tọ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìkọ́ni lásán.

Ọ̀nà ni ó sọ Mowé àti Ìbàfò di ohun tí wọ́n jẹ́. Abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí wọn kò jìnnà sí Ọ̀fàdà tí ìrẹsì rẹ̀ lókìkí. Ní 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí owó ilé ṣe ń ga sí i ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà láti kọ́ ilé tiwọn tàbí láti háyà. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ ti di ìlú ojú irin kí ogún-un ọdún tó yí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó kọjá sí Abẹ́òkúta ń lọ sí Ìbàdàn. Ìlú ọjà ni, ṣùgbọ́n Èkó ti ń fà á mọ́ra láti ìhà Agbádó àti Àkútè tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò sì jìnnà sí wọn. Ní Mowé ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ní 2015 ni Yunifásítì Mountain Top bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàfò. Ọmọ tí wọ́n sọ pé orí rẹ̀ kò gbàwé lè máa gba iwájú ẹnu ọ̀nà yunifásítì kọjá lójoojúmọ́.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, kí á mú ọjọ́ kan nínú ìgbésí ayé ọmọ irú àwọn ìlú wọ̀nyí, tí òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bàbá àti ìyá ti jáde, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dí Lọ́ńgì Bíríìjì pa. Ọmọ náà ni yóò wẹ àbúrò, yóò pọn omi, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó bá ti ilé-ìwé dé, ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí, tàbí kí ó gbé omi inú ọ̀rá lọ sójú pópó. Alẹ́ ti lẹ́ kí òbí tó dé. Iná mànàmáná lè wà, ó lè má sí. Bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì bá sì ń dún, ariwo rẹ̀ nìkan tó láti lé ọ̀rọ̀ ìwé jáde kúrò létí. Ìgbà náà ni wọ́n á ní kí ó lọ kàwé. Ó ṣí ìwé, oorun ṣí i lójú pa.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ya ọ̀lẹ. Bóyá ó ṣiṣẹ́ ju olùkọ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò ní ni wákàtí tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò rán an níṣẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá sọ pé orí rẹ̀ kò gbàwé, àwọn tí ó gba wákàtí náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbólóhùn náà dá sílẹ̀.

Síbẹ̀, wákàtí tí ọmọ nílò kò pọ̀ tó bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò. Bí ọmọ kan bá ní ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ọwọ́ kàn, ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, láàárín sáà ọlọ́sẹ̀ 12, yóò ti ní wákàtí 40 gbáko kí ìdánwò tó dé. Ìdílé tí kò lè dín ìrìn Èkó kù lè dáàbò bo ìṣẹ́jú 40. Ẹni tí ó bá jí kí àkùkọ tó kọ lè fi í sí ìdájí. Ẹni tí ọjà kò jẹ́ kí ó ráyè nírọ̀lẹ́ lè fi í sí àkókò ìsinmi ọ̀sán nílé-ìwé, bí olùkọ́ bá fún un ní kíláàsì tí ó dákẹ́. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn òbí tí wọ́n ń san owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ kì í sábà rò ó pé àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀ lè ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Bí wákàtí bá ti wà, ó ku ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Níbí ni ọ̀pọ̀ olùdíje ìdánwò ti ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ lásán. Wọn a kà á, wọn a tún un kà, wọn a fi gègé aláwọ̀ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ìwé náà á wá mọ́ wọn lójú bí ojú ará àdúgbò, wọn a sì rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Mímọ ojú ènìyàn kò túmọ̀ sí mímọ orúkọ rẹ̀. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò: ó kọ́ àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì rí i pé láàárín wákàtí kan péré, ju ìdajì iṣẹ́ tí òun ṣe lọ ti ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, onímọ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé orí rẹ̀ kò gbàwé. Ìgbàgbé kì í ṣe àrùn orí kan. Bí orí gbogbo ṣe rí nìyẹn.

Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní yunifásítì Washington tí ó wà ní St. Louis ní Amẹ́ríkà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n fún wọn ní àyọkà kan. Àwọn kan kà á ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e pamọ́, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ni ó ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan yí padà: àwọn tí wọ́n dán ara wọn wò rántí nǹkan bí 61 nínú 100, àwọn alákàtúnkà rántí nǹkan bí 40. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi òru kan ṣoṣo ka ìwé sáà kan fi máa ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú ìgboyà, tí kò sì ní rántí nǹkan kan nínú rẹ̀ ní sáà tí ó tẹ̀ lé e.

Kò yẹ kí ìmọ̀ yìí ṣe Yorùbá ní àjèjì. Ọmọ ilé-kéú kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sára wàláà. Kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ nù títí yóò fi lè kà á lórí fún àlùfáà. Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá kì í wo ibì kan. Ẹnu ni ó fi ń gbà á, ẹnu ni ó sì fi ń dá a padà fún ọ̀gá rẹ̀, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, fún ọdún púpọ̀, títí yóò fi mọ èyí tí ó tó mọ̀ nínú odù 256. Kí sì ni àlọ́ àpamọ̀? Ìdánwò ni. Olùpàlọ́ mọ ìdáhùn, ó fi í pamọ́, ó sì jẹ́ kí ọmọ wá a nínú ọpọlọ ara rẹ̀ kí ó tó sọ fún un. Àwọn baba ńlá kò kọ ọ́ sínú ìwé pé wíwá ohun nínú ìrántí ni ó ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi í ṣe eré òṣùpá fún ọmọ wọn. Ilé-ìwé òde òní ni ó mú ìdánwò kúrò láàárín ẹ̀kọ́, tí ó sì gbé e lọ sí ìparí rẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ìdánwò kò ju kí ó dájọ́ lọ.

Olùdíje tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà lè fi ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì dán an wò lálẹ́ òní. Kí ó pa ìwé dé, kí ó sì kọ fáwẹ́lì àìránmúpè 7 àti àránmúpè 5 sílẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ wọn. Bí ó bá kọ in, un, an àti ọn, tí ó wá dúró síbẹ̀, ó ti rí i pé ẹn ni òun kò mọ̀. Kò sí iye ìgbà tí ó lè ka ojú ìwé náà tí ìyẹn yóò fi hàn án, nítorí pé gbogbo márààrún ni ìwé ń fi hàn án ní gbogbo ìgbà. Kí ó tún un ṣe ní ọ̀túnla, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ó tún yẹ kí wọ́n bi ara wọn bóyá ìwé ni orí kò gbà ni, tàbí èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà àtijọ́, wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Irú àwọn ọmọ kan náà ni wọ́n. Orí wọn kò yàtọ̀. Bí ọmọ Ìfọ̀ bá wá kọ́ ìtumọ̀ "photosynthesis" sórí ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ dáadáa, tí kò sì lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ bí ewé ṣe ń fi oòrùn wá oúnjẹ, kì í ṣe ọmọ náà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ tì lójú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí, àwọn kan máa ń mú orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá, láti fi hàn pé kò sí ìdíwọ́ tí ó lè dá ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé dúró. Òótọ́ ni ìtàn náà. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ọmọ náà sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rán ara rẹ̀ níwèé. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó ṣòwò. Láàárín gbogbo èyí ni ó ń dá kàwé, tí ó sì gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láìwọ kíláàsì yunifásítì kankan. Bí Ẹsẹ̀ bá ní aṣojú láàárín ènìyàn, òun ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ìtàn yìí na ọmọ lẹ́gba kò sọ ọ́ parí. Nígbà tí ọkùnrin náà di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò sọ fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò pé kí wọ́n lọ jìyà bí òun ti jìyà. Ní January 1955 ni ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ jù lọ ohun tí ìforítì lè ṣe ni ó kọ̀ láti fi ìforítì nìkan sílẹ̀ fún ọmọdé. Ó mọ̀ pé Ẹsẹ̀ nílò ọ̀nà tí yóò tẹ̀. Òbí tí ó ń ka ìtàn Awólọ́wọ̀ sí ọmọ létí, tí ó sì tún rán an lọ kiri ọjà ní ọjọ́ ilé-ìwé, ìdajì ìtàn ni ó gbà gbọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń gbà mú máàkì gòkè, èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú orí tàbí ẹsẹ̀. Ní 1977, ìwé ìdánwò WAEC tú síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ariwo rẹ̀ gba Nàìjíríà kan, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ lórúkọ tí ó ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá báyìí: ẹ̀kísípò. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó lè rán ẹni tí ó bá jí ìwé ìdánwò tàbí tí ó yí ìdánwò po lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ìyà náà wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Òfin 1999 sì dín in kù gan-an. Láàárín òfin méjèèjì, ìwà náà kò kúrò nílẹ̀. Ó ti ní ilé báyìí, tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, níbi tí òbí ti ń san owó kí olùkọ́ lè wá kọ ìdáhùn sójú pátákó.

Ó rọrùn láti bú àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro díẹ̀ láti dá ọmọ tí ó bá sọ pé: "Wọ́n ti gba wákàtí mi. Olùkọ́ fíṣíìsì kò wọ kíláàsì wa ní sáà méjì. Yunifásítì kò béèrè ìyẹn. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi bí mo bá gba ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ tèmi?" Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi pàṣán dáhùn rẹ̀. Àìṣòdodo tí ọmọ náà ń tọ́ka sí wà lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé máàkì kì í ṣe ohun ìní bí aṣọ tàbí owó, tí wọ́n lè fi dí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹlẹ́rìí ni. Ó ń lọ síwájú àwọn tí kò mọ ọmọ náà rí, ó ń sọ fún wọn pé: ẹni yìí lè ṣe èyí. Àwọn tí kò gba wákàtí ẹnikẹ́ni ni irọ́ náà yóò já lé lórí: aláìsàn tí nọ́ọ̀sì yóò pín oògùn fún láìmọ ìṣirò, àti ọmọ kejì ní òpópónà kan náà, tí òkùnkùn kan náà bò, tí òun fi àbẹ́là kàwé, tí ó gba C6 níbi tí ẹlẹ́kísípò ti gba A1, tí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́kísípò ní àyè tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ yìí kò rẹ́ àwọn tí ó rẹ́ ẹ jẹ padà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìyà ni ó rẹ́ jẹ.

Ohun kejì sì wà, tí ó burú ju bí ó ṣe hàn lọ. Òbí tí ó san owó mírákù sẹ́ńtà ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé orí ọmọ òun kò gbàwé. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò sanwó fún? Ọmọ náà mọ̀ pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí A1 dé, tí wọ́n sì fi orin ọpẹ́ pàdé rẹ̀, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó rò pé òun ì bá lè gba C4 fúnra òun, òun pẹ̀lú kò sì ní í mọ̀ láéláé. Ẹni tí ó sọ pé orí kò gbàwé àti ẹni tí ó ra máàkì dà bí ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n ìpàdé kan náà ni wọ́n ṣe, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá sì ti pe Ẹsẹ̀ ńkọ́, tí ọmọ ní wákàtí tirẹ̀, tí ó ń pa ìwé dé tí ó ń dá ara rẹ̀ wò, tí wọ́n ń ṣàlàyé fún un ní èdè tí ó gbọ́, tí máàkì kò sì gòkè? Irú rẹ̀ wà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ pé gbogbo ọmọ yóò gba A1, nítorí oríṣiríṣi ni ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ tún ojú wò. Ọmọ tí kò rí ohun tí ó wà lójú pátákó láti ìjókòó ẹ̀yìn máa ń da lẹ́tà pọ̀, wọ́n a sì ní kò gbọ́n. Ọmọ tí etí rẹ̀ kan wúwo kì í gbọ́ ìbéèrè nínú kíláàsì tí èrò kún, wọ́n a ní olóríkunkun ni. Àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn já gaara, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń yí padà mọ́ wọn lójú nígbà tí wọ́n bá ń kàwé. Ojú, etí àti ọ̀nà ìkàwé ni ìwọ̀nyí. Kò sí èyí tí Àjàlá mọ nínú wọn tí awò ojú, ìjókòó iwájú tàbí sùúrù olùkọ́ kò lè ràn lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan.

Àyè kékeré kan wà nísàlẹ̀ káàdì rípọ́ọ̀tì tí olùkọ́ kíláàsì máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ohun tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni "ó lè ṣe dáadáa ju èyí lọ", tàbí "kí ó jára mọ́ ìwé". Òbí kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Olùkọ́ kan lè lo ìlà méjì kan náà láti kọ ọ́ pé: "Ó ń kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pa ìwé dé. Ẹ máa bi í ní ohun tí ó kọ́." Tàbí: "Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ti wà ní ìjókòó iwájú, ìṣirò rẹ̀ ti ń mọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ojú." Òbí tí ó ti Èkó dé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lè ka èyí lábẹ́ iná fóònù, kódà bí kò bá mọ fíṣíìsì. Kò pọn dandan kí ó mọ̀ ọ́n kí ó tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ kí ó sì ní: "Gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Sọ ohun tí ẹ kọ́ lónìí fún mi, ní Yorùbá."